Ìṣẹ́jú Kẹtàlélógún

Ìbídùnní gbé fóònù rẹ̀ wá láti Ìsàn,
ó fi ìka lé ìlà pupa tó wà nísàlẹ̀ àwòrán,
ó ní, "Ẹ wò ó. Bí mo bá fà á dé ibí, á fò."
Mo fà á. Ó fò lóòótọ́.
Yèyé rẹ̀ ń mọ ètè ìkòkò ní ìṣẹ́jú kejìlélógún;
mo fà á díẹ̀, bí ẹni ń ṣí ìdérí ọbẹ̀ gbígbóná,
iná ti ń jó lórí ìkòkò,
ẹni tó mọ ọ́n kò sí níbẹ̀ mọ́.

"Àárín yẹn gan-an ni mo ń wá.
Ibẹ̀ ló ti yíjú sí mi, tó pè mí ní orúkọ
tí ẹnikẹ́ni ò pè mí mọ́."
Kò sọ orúkọ náà. N kò bi í.

Ṣọ́ọ̀bù mi ní Oyè kò ju yàrá kan lọ:
fáànù kan, kọ̀mpútà méjì,
a ti tú ọ̀kan jẹ fún èkejì.
Mo ṣe ẹ̀dà fáìlì náà, mo tọ́jú ojúlówó sọ́tọ̀.
A kì í fi abẹ kan ojúlówó.

Mo ní, "Fídíò tí wọ́n fún pọ̀ kì í ya gbogbo nǹkan tán.
Á ya odidi àwòrán kan,
lẹ́yìn náà, ohun tó yí padà nìkan ni yóò máa kọ sílẹ̀:
ọwọ́ kúrò níhìn-ín, amọ̀ fi ìka kan ga sí i.
Ògiri ẹ̀yìn ò mira, kò kọ ọ́,
títí yóò fi tún ya odidi mìíràn.
Àwọn odidi yìí ni òkúta inú odò.
Ẹni tó fẹ́ sọdá, orí òkúta ló ń fò sí.
Fóònù yín to tirẹ̀ jìnnà síra,
ìka yín wá ń bọ́ sáàárín omi."

Ó wò mí bí ẹni ń wo oníṣòwò tó fẹ́ bu owó lé ọjà.
"Kí ló dé tó fi tò wọ́n jìnnà?"
"Ó ń ṣahun mẹ́mọ́rì ni."

Àìsàn kejì: bátìrì kú lọ́jọ́ náà
kó tó kọ atọ́ka sí ìparí.
Ìwé tí kò ní nọ́ńbà ojú ewé.
Ẹ̀rọ ń méfò kiri;
ohùn ti dé Ayédé, ẹnu ṣì wà ní Ìsàn.

Mo tún atọ́ka tò. Ohùn padà sẹ́nu,
ṣùgbọ́n fífò náà ò dáwọ́ dúró.
Nígbà tó di ọ̀sán mo gbà pé àfi kí n tún gbogbo rẹ̀ fún láti ìbẹ̀rẹ̀,
kí n to òkúta ní ìṣẹ́jú-àáyá méjì-méjì.
"Yóò wúwo o. Ìlọ́po mẹ́ta."
"Kó wúwo. Ìkòkò rẹ̀ náà wúwo."

Iṣẹ́ yìí, ẹ̀rọ kì í fò nínú rẹ̀, ó ń rìn ín ni.
A bá a rìn.
Yèyé Ojúọlápé ń fi ẹ̀yìn rìn yí ìkòkò ká,
Àyọ̀dípúpọ̀ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi
gbàgbé gúgúrú sọ́wọ́.
Ní ìṣẹ́jú kọkàndínlógún, wọ́n mú iná lọ.

Ẹ̀rín ni Ìbídùnní rín.
"Yèyé mi á ní, ùkòkò tí ò tíì gbẹ, wọn kì í kó o síná."
A tan jẹnẹrétọ̀. A tún bẹ̀rẹ̀ láti òdo.

Ìṣẹ́jú kẹtàlélógún.
Obìnrin náà nu ọwọ́ sí ìró, ó yíjú.
Eérú onígun mẹ́rin bo ààbọ̀ ojú rẹ̀,
èyí tó bàjẹ́ níbẹ̀, n ò rí i tún ṣe.
Ó ya ẹnu.
Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ abẹ́ tábìlì, mo ń wá wáyà
tí kò sọnù.

Nígbà tí mo dìde, ìka rẹ̀ wà lórí ìlà pupa,
ó ń fà á padà,
ó ń fi í sílẹ̀,
ó ń fà á padà.